Alóre Kan Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Lórí Iye Ènìyàn Tó Yẹ Kó Wà Nínú Ọkọ̀ Òkun

Ní orúkọ Ọlọ́hun Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Un, Ẹni tí ó tẹ́ òkun sílẹ̀ tí ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipa wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.



Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé irú àkọlé yìí wà lójú ewé tí a máa ń lò fún wáàsí. Ohun tó fà á kò fara sin. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń jẹun lójú omi ti pọ̀. Òmíràn kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ òkun tó wà ní Oron. Òmíràn ń ṣe iṣẹ́ okùn àti ọ̀dà lórí ọkọ̀ tó ń ná Apapa sí Onne. Òmíràn ń lọ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí rìgì, ìyẹn pẹpẹ irin ńlá tí wọ́n ti ń gbẹ́ epo lójú òkun, kó tó padà wá rí ìyàwó àti ọmọ. Àwọn kan sì wà lórí ilẹ̀ nínú ọ́fíìsì, tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń tẹ ìwé tí ọkọ̀ fi ń jáde. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wọn.

Ọkọ̀ òkun kò dà bí mọ́tò tí awakọ̀ kan lè dá wà láti Ìbàdàn dé Èkó. Ó ń rìn tọ̀sán tòru. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nídìí ìtọ́kọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wo iwájú, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ mójú tó ẹ́ńjìnnì. Bí iná bá sọ, a nílò ẹni tí yóò pa iná, a nílò ẹni tí yóò kó èrò lọ síbi ọkọ̀ kékeré ìgbàlà, a sì tún nílò ẹni tí yóò mú ọkọ̀ ńlá náà dúró dáadáa. Bí wọ́n bá dé èbúté, okùn iwájú àti okùn ẹ̀yìn ń retí ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn baba wa ti wí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní SOLAS, nínú orí rẹ̀ karùn-ún, ìlànà kẹrìnlá, fi pa á láṣẹ pé kí ìjọba orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ń ta àsíá rẹ̀ fún ọkọ̀ náà ní ìwé kan. Ìwé yìí ni yóò sọ iye òṣìṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ dín nínú ọkọ̀ náà, àti irú ìmọ̀ tí oníkálukú wọn gbọ́dọ̀ ní, kí ọkọ̀ tó lè jáde. Ní Nàìjíríà, àjọ NIMASA ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2011, àjọ IMO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun lágbàáyé tún ṣe ìpinnu kan, nọ́ńbà rẹ̀ ni A.1047(27), tó ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣírò iye náà: bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó, irú ẹ́ńjìnnì tó ní àti agbára rẹ̀, irú ẹrù tó ń kó, ibi tó ń lọ àti bí ó ti jìnnà tó, àti bóyá iye ènìyàn náà yóò lè rí àyè sinmi bí òfin ti wí. Ẹni tó ni ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ mú iye tó rò pé ó tọ́ wá, ìjọba ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó fọwọ́ sí i. Níbikíbi tí ọkọ̀ náà bá gúnlẹ̀ sí, àwọn olùbẹ̀wò èbúté lè ní kí wọ́n mú ìwé náà wá, kí wọ́n sì ka orí àwọn tó wà nínú ọkọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé iye tí kò gbọdọ̀ dín ni ìwé náà ń sọ. Kò sọ pé iye yẹn ló dára jù. Ẹni tó ṣe àlùwàlá, tó fọ oríkèé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti bọ́ nínú ọ̀ranyàn, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni sùnnà? Síbẹ̀, bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá ti gba ìwé tó ní ènìyàn mẹ́wàá kò gbọdọ̀ dín, mẹ́wàá náà ni yóò gbà, ìbáà jẹ́ pé iṣẹ́ èèyàn mẹ́rìnlá ló wà nílẹ̀. Yóò sì máa fi ìwé náà han gbogbo ẹni tó bá béèrè.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, bí àwọn mẹ́wàá náà bá jẹ́ olùbẹ̀rù Ọlọ́hun, tí wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣé Ọlọ́hun kò ní tì wọ́n lẹ́yìn ni?" Ọ̀rọ̀ tó dùn-ún gbọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó sàn jù wá lọ.

Nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń bọ̀ láti ogun Khaybar, wọ́n rìn lóru títí oorun fi kùn wọ́n. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti sinmi. Ànábì ní kí Bílálù máa bá wọn ṣọ́ ìgbà tí àfẹ̀mọ́júmọ́ yóò yọ. Bílálù kírun títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, ó fara ti ẹran tó ń gùn, ó kọjú sí ibi tí ojúmọ́ yóò ti là, oorun sì gbé e lọ. Kò sí ẹni tó jí nínú wọn, àfi ìgbà tí oòrùn ta sí wọn lára. Ànábì pe Bílálù, Bílálù sì dáhùn pé ohun tó gbé àwọn yòókù lọ ló gbé òun náà lọ. Ànábì kò bú u, kò sì nà án. Ó ní kí wọ́n ṣí kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó kí ìrun tó bọ́ náà pẹ̀lú wọn. Inú hàdíìsì tí Muslim gbà wá ni ìtàn yìí wà.

Ẹ̀yin ará, Bílálù nìyẹn o! Ẹni tí wọ́n gbé òkúta lé láyà nínú yanrìn gbígbóná tí kò kọ Ọlọ́hun rẹ̀. Ta ló lè sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré? Ta ló lè pè é ní ọ̀lẹ? Ara ènìyàn ni, ó sì ti rẹ ara náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣọ́, òun náà wà nínú ìrìn tí gbogbo wọn rìn, kò sì sí ẹnìkejì tí yóò ta á jí. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí fún Bílálù, kí ni ká ti wá sọ nípa ọmọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún kan tó fi gbogbo ọ̀sán kó ẹrù ní èbúté, tí wọ́n tún ní kó dìde láago méjìlá òru láti máa wo iwájú ọkọ̀ lójú òkun?

Ìgbà mìíràn wà tí Ànábì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnu àfonífojì kan lẹ́yìn ogun Dhátù-Ríqá'i. Níbí yìí, ènìyàn méjì ni ó ní kó ṣọ́ ọ̀nà náà, ọ̀kan nínú àwọn Àǹsáárù, ọ̀kan nínú àwọn Muhájírùn, Abbád ọmọ Bíṣírì àti Ammár ọmọ Yásírì. Wọ́n pín òru náà láàárín ara wọn. Ammár sùn ní apá kìíní, Abbád dúró, ó sì ń kírun. Ọ̀tá kan ta á lọ́fà, ó fa ọfà náà yọ, ọ̀tá tún ta á, títí ó fi di ìgbà mẹ́ta. Nígbà náà ló ké ìrun rẹ̀ kúrú tó sì jí ẹnìkejì rẹ̀. Nígbà tí Ammár béèrè pé kí ló dé tí kò fi tètè jí òun, ó ṣàlàyé pé Súrà kan ni òun ń kà tí òun kò fẹ́ dá dúró, àti pé bí kì í bá ṣe ti ọ̀nà tí Ànábì ní kí òun ṣọ́, òun ìbá kú kí òun tó dá a dúró. Ẹ wo ẹni tó ń jẹ̀gbádùn ìrun débi pé ọfà kò yẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ tó ké e kúrú nítorí àmáánà ìṣọ́. Ẹ sì wo ohun tó gba ọ̀nà náà là: ẹnìkejì kan wà tó ti sùn, tí ara rẹ̀ sì le nígbà tí wọ́n jí i.

Ohun tí òfin òkun ń wá gan-an nìyẹn. Nínú òfin STCW àti ti iṣẹ́ àwọn atukọ̀ tí wọ́n ń pè ní MLC, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 tí Nàìjíríà sì gbà wọlé ní 2013, atukọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi wákàtí mẹ́wàá ó kéré tán nínú wákàtí mẹ́rìnlélógún, àti wákàtí mẹ́tàdínlọ́gọ́rin nínú ọjọ́ méje. Wọ́n lè pín wákàtí mẹ́wàá yẹn sí ọ̀nà méjì, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kan nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní wákàtí mẹ́fà gbáko. Èyí kì í ṣe ìkẹ́ra tí àwọn òyìnbó ń kẹ́ ara wọn. Ẹ rántí hàdíìsì tí ìyá wa Áíṣà gbà wá, tí Bukhari àti Muslim sì kọ sílẹ̀, pé bí ẹni tó ń kírun bá ń tòògbé, kí ó lọ sùn kí oorun náà tó dá lójú rẹ̀, torí ó lè máa rò pé òun ń tọrọ àforíjìn kó sì jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ń ṣẹ́ èpè fún. Bí ìrun bá lè dúró de oorun, ṣé ìdí ọkọ̀ tó ru ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù epo ni kò ní dúró dè é?

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2010, ọkọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà kan, Shen Neng 1, tó kó èédú láti Gladstone ní Ọsirélíà, gun orí òkìtì iyùn ńlá tó wà létí òkun ilẹ̀ náà. Igbákejì ọ̀gá atukọ̀ ló wà nídìí ìṣọ́. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé nínú wákàtí méjìdínlógójì àbọ̀ tó ṣáájú ìjàm̀bá ọ̀hún, wákàtí méjì àbọ̀ péré ni ọkùnrin yìí fi sùn. Òun ló dúró ti ẹrù tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀, òun náà ni wọ́n tún ní kó máa tọ́ ọ. Ọlọ́hun kó wọn yọ, ẹnikẹ́ni kò kú. Àwọn kan kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà.

Èyí tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí dáadáa ni ti Herald of Free Enterprise. Ọkọ̀ akérò àti akómọ́tò ni, tó máa ń ná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí òdìkejì òkun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1987, ó jáde kúrò ní èbúté Zeebrugge ní ilẹ̀ Bẹ́líjíọ̀mù, ilẹ̀kùn ńlá iwájú rẹ̀ tí mọ́tò ń gbà wọlé sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bó ṣe ń sáré sí i, omi ya wọlé sí ibi tí àwọn mọ́tò wà, ọkọ̀ náà dojú dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́bàá èbúté níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́tàléláàádọ́wàá (193) ló kú.

Kí ló dé tí wọn kò ti ilẹ̀kùn? Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tì í ń sùn nínú yàrá rẹ̀. Ó ti ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ọkọ̀, wọ́n ti ní kó lọ sinmi, kò sì gbọ́ ìpè tí wọ́n fi pe kálukú sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ kan wà nítòsí ilẹ̀kùn náà, òun ló kẹ́yìn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní títi ilẹ̀kùn kò sí lára iṣẹ́ òun. Igbákejì ọ̀gá atukọ̀ tó yẹ kó dúró títí wọn yóò fi tì í rò pé òun rí ẹni tó ń bọ̀ wá tì í, ó sì bá tirẹ̀ lọ, torí ìwé àṣẹ kan náà tó ní kó wà níbi ilẹ̀kùn ló tún ní kó ti wà lókè lọ́dọ̀ ọ̀gá atukọ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Ara kan ṣoṣo ni ó ní. Lókè níbẹ̀, ọ̀gá atukọ̀ kò ní iná tàbí àmì kankan tí yóò fi mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Wọ́n ti béèrè fún irú iná bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ṣáájú, wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an nìyí. Nígbà tí irú ọkọ̀ yìí bá ń lọ láti Dover sí Calais, tí kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, ọ̀gá atukọ̀ kan, igbákejì méjì àti ẹnì kan tó tẹ̀lé wọn ni wọ́n máa ń fi sínú rẹ̀. Lójú ọ̀nà Zeebrugge tó gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin àbọ̀, ilé-iṣẹ́ yọ ọ̀kan kúrò. Àlàyé wọn ni pé ìrìn náà gùn, àwọn tó kù yóò rí àyè sinmi lójú ọ̀nà. Ẹ gbọ́ ìṣirò! Lórí bébà, ó mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n wọn kò ka ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ṣáájú kí ọkọ̀ ṣí, tí ilẹ̀kùn ń pe ènìyàn kan tí òkè náà sì ń pe ẹni kan náà. Adájọ́ Sheen tó wádìí ọ̀rọ̀ náà gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù keje ọdún 1987, kò sì dá àwọn òṣìṣẹ́ nìkan lẹ́bi. Ó dá àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ lẹ́bi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìjàm̀bá yìí ni IMO ṣe ìlànà ISM ní ọdún 1993, tó di dandan láti 1998, tó gbé ẹrù ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ka orí ilé-iṣẹ́ tó ni ín.

Mùsùlùmí tó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò rántí òkè Úhúdù, ní ọdún kẹta Híjírà. Ànábì fi àádọ́ta tafàtafà sórí òkè kékeré kan, ó fi Abdullah ọmọ Jubayr ṣe olórí wọn, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé yálà à ń borí tàbí wọ́n ń borí wa, ẹ má kúrò níbẹ̀. Àádọ́ta yìí ni òkè náà gbà. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀tá ń sá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ̀ kalẹ̀ láti lọ kó ọrọ̀ ogun. Olórí wọn kọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì dúró tì í. Khálídì ọmọ Walídì, tí kò tíì gba Ìsìláàmù nígbà náà, rí àyè náà, ó gba ẹ̀yìn yọ. Àwọn tó dúró ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe, wọ́n kú síbẹ̀. Ìgbọràn wọn kò lè dípò àwọn tó ti lọ. Nǹkan bí àádọ́rin mùsùlùmí ló kú lọ́jọ́ náà, Hámúsá arákùnrin bàbá Ànábì sì wà lára wọn. Ohun tó sì kó wọn kúrò lórí òkè náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni? Owó ni. Owó náà ló ń yọ ènìyàn kẹrin kúrò nínú ọkọ̀ títí di òní.

Súrà kan wà nínú Àlùkùráánì tí Ọlọ́hun fi orúkọ àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù sọ. Àwọn tí yóò gba tiwọn ní kíkún, tó bá sì kan kí wọ́n wọ̀n fún ẹlòmíràn, wọn yóò bù ú kù. A ti máa ń rò pé àwọn onígàrí àti eléèlùbọ́ nìkan ni Súrà náà ń bá wí. Ẹni tó gba owó ẹrù pé, tó gba owó ọkọ̀ pé, tó wá fi ènìyàn mẹ́jọ sí ibi tí ìwé ní kó fi mẹ́wàá sí, òṣùwọ̀n wo ló tún kù tí yóò dín? Kóńgò rẹ̀ ni ẹ̀mí ènìyàn.

Bí iye bá wá pé ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ọmọbìnrin bàbá arúgbó ará Mádíyánà, nínú Súrátùl-Qasas áyà 26, gba bàbá rẹ̀ níyànjú láti gba Ànábì Músá síṣẹ́, nǹkan méjì ló sì kà sí i lára: ó lágbára, ó sì ṣeé fọkàn tán. Ẹni tó ṣeé fọkàn tán tí kò mọ iṣẹ́, kò tó. Ní òru ọjọ́ kẹrìnlá mọ́jú ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì ọdún 1982, rìgì ńlá kan, Ocean Ranger, wà lójú òkun Newfoundland ní Kánádà nínú ìjì. Ìgbì fọ́ gíláàsì fèrèsé yàrá tí wọ́n ti ń darí omi inú ẹsẹ̀ rìgì náà, omi òkun sì ta sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin (84) ló wà lórí rẹ̀, ó sì yẹ kó ṣeé ṣe láti gbà á là. Ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ rí i pé àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ náà kò rí ẹ̀kọ́ tó péye gbà lórí ohun tí wọn yóò ṣe bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Gbogbo àwọn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin náà ló bá a lọ. Láti ìgbà náà wá ni ìlànà ti jáde lórí ìmọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ orí rìgì gbọ́dọ̀ ní. Ìpinnu IMO A.1079(28) ti ọdún 2013 dárúkọ olórí rìgì gan-an, alábòójútó ọkọ̀ àti ẹni tó ń darí omi inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibí ni mo ti fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ tí kò dùn. Ẹni tó bá ra ìwé-ẹ̀rí pa iná lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ ọ, ẹni tó bá ní kí wọ́n bá òun kọ oṣù méjìlá lójú òkun nígbà tí kò lò ju mẹ́ta lọ, ó ti di ọ̀kan lára iye tó wà nínú ìwé. Olùbẹ̀wò yóò ka orí rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ yóò fi ọkàn lé e. Lọ́jọ́ tí iná bá sọ, wọn yóò wò yíká, wọn yóò sì rí i pé àyè òfìfo ni. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ kò sí. Mo mọ̀ pé ìyá ń dúró sílé de owó. Ṣùgbọ́n owó oṣù tí a fi irọ́ yìí gbà, kò sí àáfà tó mọ ohun tó ń ṣe tí yóò pè é ní haláàlì, torí pé ẹ̀rí èké ni, àwọn tí wọ́n jẹ́ ẹ̀rí náà lé lórí sì ń sùn nínú ọkọ̀ kan náà.

Irọ́ kejì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀. Òfin ní kí wọ́n máa kọ wákàtí ìsinmi atukọ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kí atukọ̀ náà fọwọ́ sí i, kí ó sì gba ẹ̀dà tirẹ̀. Níbi tí ènìyàn kò ti tó, iye wákàtí náà kò lè pé. Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọn a kọ ohun tí òfin fẹ́ rí. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà máa ń béèrè pé, "Wọ́n gbé e síwájú mi pé kí n fọwọ́ sí i. Bí mo bá kọ̀, wọn yóò dá mi sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté tó kàn. Kí ni kí n ṣe?"

Mi ò ní sọ pé ó rọrùn. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń béèrè, nítorí ìwé náà kò pé láìsí i. Ìyẹn fi hàn pé agbára díẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ máa kọ wákàtí yín gan-an sínú ìwé pélébé tiyín lójoojúmọ́. Ẹ lọ bá ọ̀gá atukọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ tó bá ẹlòmíràn sọ ọ́, torí nígbà mìíràn ọ̀gá náà ti ń kọ̀wé sí àwọn ará ọ́fíìsì pé kí wọ́n fi ènìyàn kún un, wọn kò dá a lóhùn, àkọsílẹ̀ tòótọ́ yín yóò sì ràn án lọ́wọ́. Òfin MLC fi dandan lé e pé kí ọ̀nà ìfisùn wà nínú ọkọ̀, ó sì ka fífi ìyà jẹ ẹni tó fi ẹjọ́ sùn léèwọ̀. Ó tún fún atukọ̀ láyè láti bá olùbẹ̀wò èbúté sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tí ẹ jọ kọ̀ láti fọwọ́ sí irọ́, ó yàtọ̀ sí kí ẹnì kan dá kọ̀. Ẹni tí ó bá sì pàdánù iṣẹ́ nítorí pé ó kọ̀ láti jẹ́rìí èké, ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa yìí lè bá a gbé ẹrù náà fún oṣù mélòó kan. À ń dáwó fún ìgbéyàwó, à ń dáwó fún àsọ ẹgbẹ́. Ṣé èyí ni apá wa kò ní ká?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọ́fíìsì tí ẹ̀ ń lu òòtẹ̀, kí ẹ má rò pé orí ilẹ̀ ni ẹ wà. Hàdíìsì kan wà nínú Bukhari, Nu'mán ọmọ Baṣírì ló gbà á wá. Ànábì fi àwọn kan ṣe àpèjúwe tí wọ́n ṣẹ́ gègé lórí ọkọ̀ ojú omi, àwọn kan bọ́ sí òkè, àwọn kan bọ́ sí ìsàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ń gòkè wá pọn omi, ó wá dà bíi pé wọ́n ń yọ àwọn ti òkè lẹ́nu. Wọ́n ní kí àwọn kúkú dá ihò lu sí apá tiwọn. Ànábì ní bí àwọn ti òkè bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò ṣègbé, bí wọ́n bá sì dì wọ́n lọ́wọ́ mú, gbogbo wọn ni yóò là. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó pé àwọn tó fẹ́ dá ihò náà kò ní ẹ̀tanú sí ẹnikẹ́ni. Ìnira ni wọ́n fẹ́ dín kù. Ẹni tó ní kí ẹ bá òun fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀ tí ènìyàn méjì kù nínú rẹ̀, òun náà yóò sọ fún yín pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú, pé owó epo ló ti wọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, mo sì mọ̀ pé yóò kan àwọn tó nífẹ̀ẹ́ ìrun jáma jù. Ẹ má ṣe tìtorí jáma kí gbogbo yín fi ìdí ìtọ́kọ̀ àti yàrá ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Ọlọ́hun ti kọ́ wa bí a ti ń ṣe é nínú Súrátùn-Nisá'i áyà 102, lórí ìrun ìgbà ìbẹ̀rù: apá kan yóò kírun pẹ̀lú Ànábì, apá kejì yóò dúró ti ìṣọ́ pẹ̀lú ohun ìjà, lẹ́yìn náà wọn yóò pààrọ̀. Ànábì gan-an ni imáàmù, síbẹ̀ Ọlọ́hun kò gbà kí gbogbo wọn tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ̀yìn wọn sì ṣófo. Nítorí náà, ẹni tí ìṣọ́ rẹ̀ bá kángun sí àkókò ìrun, kó bá ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sọ ọ́ ṣáájú. Ní ti ààwẹ̀, ẹni tó wà lórí ìrìn-àjò lójú òkun ní àyè láti san án padà lẹ́yìn náà. Bí ààwẹ̀ bá ń mú kí ojú yín máa wúwo nídìí ìṣọ́ òru, ẹ lo àyè náà, ẹ má ṣe ṣagídí. Lórí dídín ìrun kù àti kíkó méjì pọ̀ fún ẹni tó ń gbé inú ọkọ̀ fún oṣù púpọ̀, àwọn onímọ̀ ní ìyàtọ̀, kí kálukú bi àáfà rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀.

Ọlọ́hun, Ìwọ tí O gba Ànábì Núhù là nínú ọkọ̀, tí O sì yọ Ànábì Yúnúsà kúrò nínú òkùnkùn omi, ṣọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lójú òkun lóru òní. Fún ẹni tó ń ṣọ́ ní ojú tó lajú, fún ẹni tó sùn ní oorun àlàáfíà, kí O sì dá gbogbo wọn padà sílé. Àmín.

Wassàlámù àlékùmù.